Yíyan BCD, àpò afẹ́fẹ́ tí amòòkùn ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí yóò ṣiṣẹ́ nínú omi gbígbóná àti omi tútù: ìtọ́sọ́nà fún amòòkùn tó ń ti Èkìtì lọ

Ẹni tó bá fẹ́ mòòkùn láti Èkìtì gbọ́dọ̀ múra ìrìn àjò, nítorí a kò ní òkun. Dáàmù Ẹ̀rọ̀ wà ní Ìkùn, dáàmù Ẹ̀gbẹ̀ náà sì wà, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n ń fà lọ sílé àwọn ènìyàn ni. Ojú kì í ríran nínú omi bẹ́ẹ̀, páìpù tó ń fa omi sì lè fa ènìyàn mọ́ra. Ẹ má dán an wò. Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, ibi ìgbafẹ́ ni, kò jìn tó ohun tí ènìyàn ń mòòkùn sí. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnì kan á kọ́ iṣẹ́ yìí nínú swimming pool, á lo ìsinmi ní Zanzibar tàbí létí Òkun Pupa ní Íjíbítì, nígbà tó bá yá á rí iṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀ ni yóò ti rí i pé àwọn ará ibẹ̀ náà ń mòòkùn, pàápàá nínú àwọn kòtò tí wọ́n ti wa òkúta rí tí omi ti wá kún, irú Stoney Cove ní Leicestershire. Omi Òkun Pupa máa ń wà láàárín 21 sí 29 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi inú kòtò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè wálẹ̀ dé 5 nígbà òtútù.

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ni pé: ṣé BCD méjì ni kí n rà ni, àbí ẹyọ kan lè ṣe méjèèjì? Ẹyọ kan lè ṣe é, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń wò. Òtútù kò kan BCD fúnra rẹ̀ lọ títí. Aṣọ tí ẹ wọ̀ sábẹ́ rẹ̀ ló kàn án.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣì jẹ́ tuntun sí: BCD ni ẹ̀wù tàbí àpò tí amòòkùn ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí sílíńdà afẹ́fẹ́ so mọ́. A ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti léfòó, a sì ń tú u láti sọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀wù adóòlà ẹ̀mí o. Bí ènìyàn bá dákú lójú omi, kò dájú pé BCD yóò yí ojú rẹ̀ sókè.

1. Aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n

Aṣọ rọ́bà tí amòòkùn ń wọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní wetsuit, ní ihò kéékèèké láìmọye tí afẹ́fẹ́ há sí. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń mú ara móoru, òun náà ló sì ń mú aṣọ léfòó. Bí ẹ bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni omi ń tẹ ihò wọ̀nyẹn pọ̀. Ní mítà 10, ohun tó ń tẹ̀ yín ti di ìlọ́po méjì ti ojú omi. Ní mítà 20, ìlọ́po mẹ́ta. Ní mítà 30, ìlọ́po mẹ́rin. Aṣọ tó nípọn lórí ilẹ̀ á ti fẹ́lẹ́ nísàlẹ̀, púpọ̀ nínú agbára tó fi ń gbé yín á sì ti lọ. BCD ló gbọ́dọ̀ dí àlàfo yẹn. Ìdí nìyí tí ẹni tó wọ aṣọ 3 mm ní Zanzibar kò fi nílò ohun tí ẹni tó wọ 7 mm ní Leicestershire nílò. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Dúrọ́ọ̀mù omi kan tó láti fi mọ ìwọ̀n yín. Ẹ ká aṣọ náà, pẹ̀lú fìlà rẹ̀, ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀, sínú àpò àwọ̀n, irú èyí tí wọ́n fi ń kó àlùbọ́sà wá láti òkè Ọya. Ẹ rì í sínú omi, kí ẹ fọwọ́ fún un dáadáa títí afẹ́fẹ́ tó há sáàárín ìṣẹ́po aṣọ á fi jáde tán. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa fi òjé, irú èyí tí amòòkùn ń so mọ́ra kí ó lè rì, sínú àpò náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rì jẹ́jẹ́. Iye kílò òjé tó rì í ni agbára tí aṣọ yẹn fi ń léfòó. Ẹ má lo òkúta dípò òjé. Mo mọ̀ pé òkúta kò wọ́n wa ní Èkìtì, ṣùgbọ́n òkúta máa ń pàdánù ju ìdá mẹ́ta ìwúwo rẹ̀ lọ tó bá wọ omi, nígbà tí òjé kì í pàdánù tó ìdá mẹ́wàá. Ẹni tó bá fi òkúta ṣírò yóò rò pé aṣọ òun lágbára ju bó ṣe rí lọ.

Ẹ ṣe é fún aṣọ omi gbígbóná, kí ẹ tún un ṣe fún ti omi tútù, kí ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Aṣọ 3 mm lè gba bíi kílò 2. Aṣọ 7 mm tó ní ẹ̀wù kejì lórí lè gba kílò 8 sí 10, ó sinmi lórí bí ẹni tó ni ín ṣe tóbi tó àti bí aṣọ ṣe gbó tó. Aṣọ tó ti gbó kì í léfòó bíi tuntun, nítorí náà ẹ má yá iye ẹlòmíì lò.

Drysuit, aṣọ tí kì í jẹ́ kí omi wọlé rárá, ní ìwà tirẹ̀. Ẹ ó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń sọ̀kalẹ̀, nítorí náà kì í pàdánù agbára rẹ̀ bíi rọ́bà. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣírò fún ni ọjọ́ tí ọrùn rẹ̀ bá ya tí omi kún inú rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá sá sí lè gbé ènìyàn dorí kodò lọ sójú omi.

2. Ìṣirò mẹ́ta, kí ẹ mú èyí tó tóbi jù

Agbára tí BCD fi ń gbé ènìyàn ni wọ́n máa ń kọ ní kílò tàbí ní pọ́n-ùn, tí wọ́n ń kọ báyìí: lb. Pọ́n-ùn 2.2 ló wà nínú kílò 1. Lítà afẹ́fẹ́ kan nínú BCD ń gbé bíi kílò kan. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti ri kẹ́ẹ̀gì òfìfo lítà 25 mọ́lẹ̀ nínú omi mọ bí kílò 25 ṣe ń jà padà.

Ìṣirò kìíní ni ti ìsàlẹ̀. Ẹ mú iye tí aṣọ yín gba nínú dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ fi ìwúwo afẹ́fẹ́ inú sílíńdà kún un. Bẹ́ẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ ní ìwúwo. Sílíńdà alumíníọ̀mù tí gbogbo ayé ń pè ní 80, tó jẹ́ bíi lítà 11, ń gba afẹ́fẹ́ tó wúwo tó kílò 2.5 sí 3 nígbà tó bá kún. Fún aṣọ 3 mm, ìyẹn jẹ́ bíi kílò 5. Fún aṣọ tó gba kílò 10, ó di 13.

Ìṣirò kejì ni ti ojú omi. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ omi, sílíńdà kún, ẹ sì fẹ́ kí orí yín yọ dáadáa kí ìgbì má baà máa bọ́ sí yín lẹ́nu. Ìwúwo afẹ́fẹ́ inú sílíńdà, pẹ̀lú bíi kílò 5 fún orí àti ọrùn tó yọ sókè: kílò 8.

Ìkẹta ni ti ẹrù nìkan. Nígbà míì ẹ ó ní láti bọ́ BCD sílẹ̀ nínú omi kí wọ́n lè fà á sínú ọkọ̀ ojú omi. Gbogbo ohun tó so mọ́ ọn, òjé inú àpò rẹ̀, irin ẹ̀yìn rẹ̀, sílíńdà tó kún, BCD gbọ́dọ̀ lè gbé wọn léfòó láìsí yín níbẹ̀. Ẹni tó kó kílò òjé 10 sínú àpò BCD tó sì tún lo sílíńdà irin lè rí i pé ìṣirò yìí ló tóbi jù.

Ẹ mú èyí tó pọ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ fi díẹ̀ lé e. Fún sílíńdà kan nínú omi gbígbóná, BCD tó ń gbé kílò 12 sí 14, tó jẹ́ bíi 27 sí 30 lb, ti tó ènìyàn. Fún omi tútù pẹ̀lú aṣọ nínípọn tàbí drysuit, ẹ wá bíi kílò 18, ìyẹn 40 lb.

Àwọn kan á ní kí ẹ kàn ra èyí tó tóbi jù lọ kí ọkàn yín balẹ̀. N kò fara mọ́ ọn. Àpò tó tóbi ju ẹrù rẹ̀ lọ máa ń ká mọ́ sílíńdà bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá kéré, afẹ́fẹ́ á há sí igun rẹ̀, kò ní jáde nígbà tí ẹ bá tú u, ẹ ó sì máa fì sọ́tùn-ún fì sósì. Ó tún ń fún ènìyàn láyè láti gbé òjé àgbéjù. BCD ńlá kì í ṣe oògùn òjé àgbéjù.

3. Irú èwo?

Jákẹ́ẹ̀tì ni èyí tí ẹ ó bá ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni. Afẹ́fẹ́ ń yí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ká, ó sì ń gbé ènìyàn dúró dáadáa lójú omi. Àléébù rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ lọ síbi méjèèjì ni pé ìwọ̀n kan ni wọ́n rán an sí. Èyí tó bá yín mu lórí aṣọ 3 mm yóò fún yín láyà lórí drysuit, pàápàá nígbà tí ẹ bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i.

Irú kejì ń kó gbogbo afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ṣì jẹ́ ẹ̀wù tó ní àpò. Ó dára, n kò ní fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò: backplate àti wing. Backplate ni irin pẹlẹbẹ tó jókòó sẹ́yìn, tí bẹ́líìtì kan ṣoṣo fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 5 gba inú rẹ̀ kọjá èjìká àti ìbàdí. Wing ni àpò afẹ́fẹ́ tó wà láàárín irin yẹn àti sílíńdà. Ohun tó mú kó dára fún wa ni pé ẹ lè tú u palẹ̀. Bẹ́líìtì náà ṣeé fà gùn fún drysuit, ó ṣeé dínkù fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wing 30 lb fún Zanzibar, wing 40 lb fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irin ẹ̀yìn kan náà. Bí owó kò bá tó fún méjì, wing bíi 35 lb tó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ lè wà láàárín.

Irin náà pàápàá jẹ́ apá kan òjé yín. Èyí tí wọ́n fi stainless ṣe máa ń wúwo tó kílò 2.5 sí 3. Ti alumíníọ̀mù kò ju bíi kílò 1 lọ. Nínú omi tútù, níbi tí ẹ ti nílò òjé púpọ̀, ti stainless ń gba kílò díẹ̀ kúrò níbàdí yín. Fún ìrìn àjò, ti alumíníọ̀mù ló dùn ún gbé, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú kò ju kílò 23 lọ fún báàgì kan. Sílíńdà àti òjé, ibi tí ẹ ń lọ ni ẹ ó ti háyà wọn.

Wẹ́dà tó mọṣẹ́ ní Adó lè gé irin yìí fún yín láti ara stainless 3 mm. Ẹ jẹ́ kí ihò méjì tó máa gba bóòtù wing wà ní 11 ínṣì sí ara wọn láti àárín ihò kan sí àárín ìkejì, nítorí ìwọ̀n yẹn ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò. Kí ó fi fáìlì ra gbogbo etí rẹ̀ àti etí ihò tí bẹ́líìtì ń gbà títí yóò fi dán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa gé bẹ́líìtì díẹ̀díẹ̀. Wing ni kí ẹ má gbé fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò ṣe.

4. Ohun tí òtútù ń bèèrè

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn jù tí ẹ ní, tàbí ìbọ̀wọ́ àwọn wẹ́dà bí ẹ kò bá tíì ní ti omi, kí ẹ di ojú yín, kí ẹ wá gbìyànjú láti tẹ bọ́tìnì ìfẹ́fẹ́, láti fa okùn fáàfù ìtúfẹ́, láti tú bọ́kù ìbàdí, kí ẹ sì yọ họ́ọ̀sì tó ń gbé afẹ́fẹ́ wá láti inú sílíńdà kúrò lára ìfẹ́fẹ́. Bí èyíkéyìí bá ṣòro nínú ilé, kò ní rọrùn nínú omi tó wà ní 6. Bọ́tìnì ńlá, òrùka irin ńlá tí ìka ìbọ̀wọ́ lè wọ̀, kókó tó tóbi létí okùn fáàfù: nǹkan wọ̀nyí ló ń sọ BCD di ti omi tútù, kì í ṣe àwọ̀ tàbí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Yíyọ họ́ọ̀sì yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe dún lọ. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde láti inú sílíńdà máa ń tutù gan-an bó ṣe ń fẹ̀, nínú omi tútù ó sì lè dì di yìnyín sínú fáàfù ìfẹ́fẹ́. Bọ́tìnì á há, BCD á máa kún fúnra rẹ̀, ẹ ó sì máa gòkè láìfẹ́. Kí ó má baà ṣẹlẹ̀, ẹ máa tẹ bọ́tìnì ní kúkúrú kúkúrú, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lásìkò kan náà tí ẹ ń fa èémí sínú, kí ẹ sì rí i pé inú rẹ̀ gbẹ kí ẹ tó wọ omi. Bó bá há, ọwọ́ kan ń yọ họ́ọ̀sì, ọwọ́ kejì ń tú afẹ́fẹ́. Ẹ fi kọ́ra títí ẹ kò fi ní ronú kí ẹ tó ṣe é.

Ẹ wo rẹ́gúlétọ̀ náà, ohun tí ẹ fi ń mí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ni a ń rà lónìí. Òṣùwọ̀n ilẹ̀ Yúróòpù, EN 250, pe omi tó bá tutù ju 10 lọ ní omi tútù. Èyí tí wọ́n kọ ">10°C" sí lára kò yẹ fún ibẹ̀.

Ìdàpọ̀ kan wà tí mo kórìíra: aṣọ rọ́bà nínípọn pẹ̀lú sílíńdà irin méjì tó wúwo. Nísàlẹ̀, aṣọ ti fẹ́lẹ́, sílíńdà ṣì wúwo, bí wing bá sì ya, ẹsẹ̀ yín kò ní lè gbé gbogbo rẹ̀ gòkè. Ẹni tó fẹ́ lo sílíńdà irin wíwúwo, kí ó wọ drysuit. Ẹni tó ń wọ rọ́bà, kí ó máa lo sílíńdà tó fúyẹ́, kí ó sì fi díẹ̀ nínú òjé rẹ̀ síbi tó ti lè jù ú nù. Gbogbo òjé kò gbọdọ̀ wà lójú kan.

5. Kí ẹ wọ̀ ọ́ wò

Aṣọ tó nípọn jù ni kí ẹ fi wọ̀ ọ́ wò, pẹ̀lú ikùn tí ẹ ní lónìí, kì í ṣe èyí tí ẹ fẹ́ ní lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó ti jẹ iyán àárọ̀ ni kí ó wọ̀ ọ́ wò gẹ́gẹ́ bó ṣe rí. Ẹ fẹ́ ẹ kún títí fáàfù ààbò á fi fọn, kí ẹ mí kanlẹ̀. Bí àyà yín bá há, ó kéré. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: bí ó bá tẹ̀lé e lọ sí etí yín, ó tóbi, tàbí kí ẹ wá èyí tó ní bẹ́líìtì tó ń gba àárín itan kọjá.

6. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀

Tòkunbọ̀ kò burú, ṣùgbọ́n omi òkun tó gbẹ sínú rẹ̀ máa ń bà á jẹ́ láìhàn. Ẹ fẹ́ ẹ kún, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì; bí ó bá ti rọ̀ lówùúrọ̀, ẹ rì í sínú omi kí ẹ wo ibi tí ó ti ń hó jáde. Bó bá jẹ́ fáàfù ni, ó ṣeé pààrọ̀. Bó bá jẹ́ ojú rírán àpò afẹ́fẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Ẹ má gbé e lọ fún fọkanáísà láti lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù táyà kì í ṣe ti aṣọ yìí. Ẹ tẹ bọ́tìnì ìfẹ́fẹ́ léraléra: ó gbọ́dọ̀ padà sípò kíákíá. Ẹ gbọ́ òórùn inú rẹ̀ láti ẹnu ọ̀pá ìfẹ́fẹ́; òórùn ìbu túmọ̀ sí pé ẹni tó lò ó kì í fi omi ṣan inú rẹ̀.

7. Ìdánwò nínú omi

Swimming pool hòtẹ́ẹ̀lì ti tó, bí ẹni tó ti gba ẹ̀kọ́ bá wà pẹ̀lú yín. Ẹ wọ gbogbo ẹrù, ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú BCD, kí ẹ mí díẹ̀ sínú kí ẹ sì dúró. Omi yẹ kó dé ojú yín. Bí ẹ bá mí jáde, kí ẹ máa rì jẹ́jẹ́. Nígbà tí sílíńdà bá kún ni ìdánwò yìí máa ń tanni jẹ, nítorí alumíníọ̀mù 80 tó ń rì díẹ̀ nígbà tó kún máa ń léfòó tó bíi kílò 2 nígbà tó bá ṣófo. Nítorí náà, kí ẹ fi bíi kílò 2 kún òjé. Ìdánwò tó dájú jù ni ti ìparí: pẹ̀lú bíi bar 50 (bar ni òṣùwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe há tó) tó ṣẹ́kù nínú sílíńdà, ní mítà 5, kí ẹ lè dúró lójú kan láìsí afẹ́fẹ́ kankan nínú BCD.

Omi swimming pool kò ní iyọ̀. Omi òkun fi bíi 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún wúwo jù ú lọ. Bí ẹ̀yin àti ẹrù yín bá jẹ́ kílò 100 lápapọ̀, ẹ ó nílò bíi kílò 2.5 sí i ní Òkun Pupa ju ohun tí ẹ lò ní Adó lọ. Àwọn kòtò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní iyọ̀, nítorí náà aṣọ nìkan ni ẹ ó ṣírò fún níbẹ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan: aṣọ wo, sílíńdà wo, omi wo, òjé mélòó, ó léfòó ni àbí ó rì.

Bí ẹ bá ti òkun dé, ẹ da omi tí kò ní iyọ̀ sínú BCD láti ẹnu ọ̀pá ìfẹ́fẹ́, ẹ mì í, ẹ tú u jáde, ẹ tún un ṣe. Ẹ fẹ́ ẹ kún díẹ̀ kí inú rẹ̀ má baà lẹ̀ pọ̀, kí ẹ gbé e kọ́ síbi tí oòrùn, eruku ọyẹ́ àti ooru abẹ́ páànù kò ti ní bà á jẹ́, níbi tí eku kò sì lè dé.